Òpópónà Kẹrin

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹta

Òtútù wà ní ìwọ̀n mẹ́rìnlá nísàlẹ̀ òdo lówùúrọ̀ yìí, ọkọ̀ mi kò sì jí ní ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, Glenda Friesen, akọ̀wé àgbà ìlú wa, ti ń dúró lẹ́bàá tábìlì mi pẹ̀lú fọ́ọ̀mù ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ojú ewé mẹ́rin ni. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò ṣòro láti lóye: kí a wá gbogbo ihò tí olè lè gbà wọ inú ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà ìlú Harrow Creek, kí a sì dí wọn kí oṣù Kẹrin tó parí. Bí a kò bá ṣe é, wọn kò ní dójú tòfò wa mọ́. Bí olè bá tún wọlé bí wọ́n ti wọlé ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ìlú ni yóò dá gbé gbogbo rẹ̀.

Ìlà tí ó gbẹ̀yìn ojú ewé kẹrin kà báyìí: Mo jẹ́rìí pé kò sí ẹ̀rọ kan lórí ìsokọ́ra yìí tí a yọ sílẹ̀ nínú àyẹ̀wò. Àyè ìfọwọ́sí wà lábẹ́ rẹ̀.

Glenda ní èmi ni n óò fọwọ́ sí i, nítorí pé iṣẹ́ mi ni. Mo ní kò burú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Mo rán ètò ayẹ̀wò jáde ní aago mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa lọ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, kí ó kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọ èyí tí kò tì sílẹ̀. Ní aago mẹ́ta ó parí. Ihò igba ó lé mẹ́rìnlá ni ó rí lára ẹ̀rọ mọ́kànléláàádóje. Mẹ́tàdínlógún nínú wọn burú tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi jẹ oúnjẹ ọ̀sán tán.

Ìsokọ́ra wa pín sí òpópónà márùn-ún, bí a ti ń pè wọ́n láti ìgbà Lorna, ẹni tí mo rọ́pò. Ní ìsàlẹ̀ àbájáde náà, a kọ ọ́ pé a yẹ òpópónà kìíní, ìkejì, ìkẹta àti ìkarùn-ún wò. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó kà á.

Ẹyin méjìlá ti di dọ́là márùn-ún àti ààbọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo dí ihò mọ́kànlélógójì láàárín ọjọ́ méjì. Ọ̀pọ̀ wọn kò ju kí a fi ètò tuntun rọ́pò ti àtijọ́, kí a pa ẹ̀rọ náà, kí a tún un tàn, kí a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí ń lò ó.

Mo wakọ̀ lọ sí ààtàn ìlú, níbi tí kọ̀ǹpútà kan ti ń wọn ọkọ̀ ìdọ̀tí. Ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ ni orúkọ ìlú yìí, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú rẹ̀. Dwight tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wò mí bí mo ti ń yọ bébà náà kúrò.

"Orest, ta ló máa wá jí ìdọ̀tí?"

Mo ṣàlàyé pé olè kò ní í fẹ́ ìdọ̀tí. Ibẹ̀ ni yóò gbà kọjá lọ sí ibi tí a kó àkọsílẹ̀ owó-orí sí.

"Ó máa rùn kó tó débẹ̀," ni ó wí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ yìí ká láti ọjọ́ Ajé. N óò kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí, nítorí pé ìwé yìí kò ní òǹkàwé mìíràn.

Ní oṣù Kejì, ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, èmi àti Lorna Desjarlais nìkan ni a wà ní ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà. Òun ni ọ̀gá mi. Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe kọ́ mi ní orúkọ àwọn nǹkan. Lorna ni ó kọ́ mi bí a ti ń ṣe wọ́n. Àkáǹtì alábòójútó kan ṣoṣo ni àwa méjèèjì jọ ń lò. Orúkọ rẹ̀ ni ó wà lára àkáǹtì náà, ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ sì wà lára bébà kan lẹ́yìn kàlẹ́ńdà ara ògiri. N kò mọ ọ́fíìsì kékeré kan nígbà náà tí kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ètò ayẹ̀wò kan ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà tí ń darí pọ́ǹpù omi ìlú, kọ̀ǹpútà náà sì dákú fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Walt Penner tí ń tọ́jú ilé omi pè mí lórí tẹlifóònù, ó sì sọ ohun tí n kò ní kọ síhìn-ín. Ohun tí ó yẹ ni kí n kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn sínú ìwé àyọsílẹ̀, èyí tí ń sọ fún ètò ayẹ̀wò pé kí ó má kan ibẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìdíje eré kọ́líǹgì yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún, èmi ni n óò sì kọ́kọ́ ti òkúta lórí yìnyín fún ẹgbẹ́ wa. N kò ní sùúrù láti wá nọ́ńbà náà. Mo kọ gbogbo Òpópónà Kẹrin sílẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀, lórí àkáǹtì tí ń jẹ́ orúkọ Lorna. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo sì lọ. A fìdí rẹmi nínú ìdíje náà.

Láti oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni ìròyìn ayẹ̀wò wa ti mọ́ tónítóní. Ìgbìmọ̀ ìlú yìn wá. Ní oṣù Kẹfà, àwọn olè gba ara ẹ̀rọ àtijọ́ kan wọlé, èyí tí ń ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn yìnyín tí a ti ń ṣe kọ́líǹgì, ní Òpópónà Kẹrin. Wọ́n sì ti gbogbo àkọsílẹ̀ owó-orí mọ́ wa fún ọjọ́ mẹ́rìnlélógún. Olùṣèwádìí kan wá láti Regina, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa. Ó béèrè ẹni tí ó yọ òpópónà náà sílẹ̀. Àkáǹtì ní Lorna ni. Lorna ronú títí. Ó ní òun kò rántí pé òun ṣe é, ṣùgbọ́n bí orúkọ òun bá wà níbẹ̀, a jẹ́ pé òun náà ni. Ó wá wo ojú mi, bí ẹni tí ń wá ẹni tí yóò bá a rántí. Mo wo tábìlì.

Wọ́n kà á síta ní ìpàdé gbangba ìgbìmọ̀ ìlú pé àìkíyèsára rẹ̀ ni ó fa á. Ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Wọ́n fi mí sí ipò rẹ̀.

Nígbà tí a pààrọ̀ ètò ayẹ̀wò ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ọwọ́ ara mi ni mo fi da ìwé àyọsílẹ̀ náà kọ sínú tuntun, pẹ̀lú ìlà yẹn, nítorí pé bí mo bá yọ ọ́ kúrò, ẹnìkan lè béèrè ìdí. Èyí burú ju ti ìṣáájú lọ. Ti ìṣáájú jẹ́ ìkánjú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Òjò pẹ̀lú yìnyín. Mo lọ bá Walt ní ilé omi lẹ́bàá odò. Ó ti pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ó sì ń pè mí ní ọmọ Hnatiuk títí di òní, nítorí pé bàbá mi ni ó fa omi wọ ìdajì àwọn ilé ìlú yìí. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ yẹ Òpópónà Kẹrin wò, kọ̀ǹpútà pọ́ǹpù pẹ̀lú.

"Ọmọ Hnatiuk, ìgbà tó o kan ilẹ̀kùn yẹn kẹ́yìn, omi gbẹ nílé ìwòsàn. Ṣé o fẹ́ kí n tún jókòó síbí kí n máa gbàdúrà ni?"

Mo ní n óò rọra kàn án lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún.

"Bó o rọra kàn án, bó o gbá a, ẹ̀rọ yẹn ò fẹ́ àlejò."

Ó fi odò hàn mí lójú fèrèsé. Yìnyín ti ń là, omi sì ti ń dà bíi tíì. Ní irú àkókò yìí, bí pọ́ǹpù bá dúró pẹ́, omi ẹlẹ́rẹ̀ lè wọ inú páìpù. Ó ní kí n padà wá nígbà tí mo bá ní ohun tí ó dára ju "rọra" lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin

Odò ga sí i ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Ihò mọ́kàndínláàádọ́rin ni ó kù ní òpópónà mẹ́rin yòókù.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrin

Walt fúnra rẹ̀ ni ó pè. Ó ti ń rò ó. Ó ní bí òun bá fa omi kún táǹkì dé ẹnu kí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tó lù, nígbà tí àwọn ènìyàn ti wẹ̀ tán tí wọ́n sì ti jáde, ìlú lè wà fún àádọ́ta ìṣẹ́jú láìsí pọ́ǹpù. Bí kọ̀ǹpútà bá sì dákú, òun lè fi ọwọ́ tan pọ́ǹpù bí wọ́n ti ń ṣe é kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ó ní irin tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ le díẹ̀ nítorí pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Òun ti fi gírísì sí i.

Mo dúpẹ́. Ó ní kí n má dúpẹ́, kí n wọ bàtà òjò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

A ṣe é lónìí.

Mo gbé kọ̀ǹpútà mi lé orí korobá tí a dojú rẹ̀ dé. Walt dúró ti pọ́ǹpù, ọwọ́ rẹ̀ lórí irin, ojú rẹ̀ lára ẹ̀rọ tí ń sọ bí omi ti ga tó nínú táǹkì. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo ń ka ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sókè bí a ti ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun sì ń dáhùn pé omi ń lọ. Gbogbo ìsọ̀rọ̀ wa fún ogún ìṣẹ́jú kò ju ìyẹn lọ.

Ní ìṣẹ́jú kejìlélógún a dé ara kọ̀ǹpútà pọ́ǹpù. Ojú rẹ̀ ṣẹ́, ó sì dúdú. Mo dá àyẹ̀wò dúró. Walt kò wo ẹ̀yìn. Ó tẹ irin náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀, pọ́ǹpù ké, ó sì ń bá a lọ. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, títí kọ̀ǹpútà fi padà. Mo tún bẹ̀rẹ̀ níbi tí mo dúró sí, mo dín ìyára rẹ̀ kù sí ìdajì. A parí ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Omi kò dúró.

Walt fún mi ní ìdajì sáńwíìṣì ẹyin rẹ̀.

"Mi ò sọ pé mo fẹ́ràn ẹ o," ni ó wí. "Mo kàn ń sọ pé omi ò dúró ni."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Àbájáde Òpópónà Kẹrin: ẹ̀rọ mọ́kàndínlógún, ihò méjìdínlọ́gọ́ta. Èyí tí ó burú jù kò sí nínú kọ̀ǹpútà pọ́ǹpù fúnra rẹ̀. Módẹ́ẹ̀mù kékeré kan ni, lẹ́yìn àpótí irin, tí àwọn tí ó ta pọ́ǹpù fún wa fi síbẹ̀ kí wọ́n lè máa wò ó láti ìlú tiwọn. Ọ̀rọ̀ ìwọlé tí ó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ ni ó ṣì ń lò, ojú rẹ̀ sì kọ sí íńtánẹ́ẹ̀tì tààrà. Ẹnikẹ́ni níbikíbi láyé lè pa pọ́ǹpù wa tàbí kí ó yí ìwọ̀n oògùn tí a ń pò mọ́ omi padà.

Mo ka iye ọdún tí ó ti wà níbẹ̀ láìsí àyẹ̀wò. N kò ní láti ṣe ìṣirò púpọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Mo pe àwọn olùtajà pọ́ǹpù láti ilé omi. Ọkùnrin tí ó gbé e sọ pé oníbàárà kankan kò tíì fi irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sùn. Mo bi í léèrè bí ènìyàn ṣe lè fi ẹjọ́ ohun tí kò mọ̀ pé ó wà sùn. Ó ní ètò àtúnṣe yóò jáde nínú oṣù Kẹfà.

Walt ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn àpótí, ó fa wáyà módẹ́ẹ̀mù náà yọ, ó sì gbé e lé orí tábìlì níwájú mi.

"Àtúnṣe ti jáde," ni ó wí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo lo òwúrọ̀ lórí àkọsílẹ̀ tí módẹ́ẹ̀mù náà ń pa mọ́. Ìgbà ọ̀ọ́dúnrún ó lé ni àwọn àlejò ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láti oṣù Kẹwàá. Ọ̀kan wọlé. Ọjọ́ kẹta oṣù Kejì, aago méjì ọ̀sán. Ó ka bí omi ti ga tó nínú táǹkì. Ó ṣí ojú ewé tí a ti ń yí ìwọ̀n kílóríìnì, oògùn tí ń pa kòkòrò inú omi. Ó dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó sì jáde láìfọwọ́ kan nǹkan kan.

Ìlà mẹ́rin péré ni. Mo kà á ní ìgbà tí n kò mọye.

Mo mú un lọ fún Glenda. Ó pe ọ́fíìsì ìjọba tí ọ̀rọ̀ náà kàn, ó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí wọn. Lẹ́yìn náà ó béèrè ìdí tí a kò fi rí i láti ọjọ́ yìí. Mo ní òpópónà náà wà nínú ìwé àyọsílẹ̀.

"Áà," ni ó wí, "ti Lorna yẹn."

Mo kó bébà náà, mo sì padà sí tábìlì mi. Ènìyàn ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni ó ń mu omi yẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Gbogbo rẹ̀ ti dí. Ògiri ti wà láàárín òpópónà kan àti èkejì, tí olè kan kò fi lè ti ààtàn dé ilé omi mọ́. Mo nu ìlà tí ó yọ Òpópónà Kẹrin sílẹ̀ kúrò ní aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ìwé àyọsílẹ̀ ṣófo.

Mo ṣàkíyèsí nǹkan kan: gbólóhùn ojú ewé kẹrin ti wá di òtítọ́. Kò sí ẹ̀rọ kan tí a yọ sílẹ̀. Mo lè fọwọ́ sí i láìpurọ́, kí ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Mo wo èrò yìí dáadáa. Ó gún régé. Irú àwọn tí mo máa ń rò ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ojú ewé kẹta ni Glenda mú wá lónìí, ó ti tẹ̀ ẹ́ tán. Wọ́n béèrè níbẹ̀ bóyá a ti yọ ẹ̀rọ kankan sílẹ̀ rí, àti ẹni tí ó ṣe é. Glenda ti wo ìròyìn ìwádìí àtijọ́, ó sì ti kọ ìdáhùn síbẹ̀: Lorna Desjarlais, òṣìṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí n óò fọwọ́ sí.

"Èmi ni," ni mo wí.

Ó rò pé ìfọwọ́sí ni mò ń sọ. Ó ní òun mọ̀, kí n sáà tètè ṣe é, ọjọ́ Ẹtì Rere ni ọ̀la.

"Glenda, èmi ni mo yọ òpópónà yẹn sílẹ̀. Kì í ṣe Lorna. Mo mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń bi í léèrè."

Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó padà jókòó. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó bi mí: ọjọ́ wo ni mo ṣe é, ta ni ó tún mọ̀, kí ló dé tí ó fi jẹ́ òní. Méjì àkọ́kọ́ rọrùn. Fún ìkẹta, mo ní lọ́jọ́sí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, èmi kàn dákẹ́ ni. Lónìí, èmi ni n óò fọwọ́ sí i.

Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀.

"Èmi ni mo ka ìwé yẹn síta," ni ó wí. "Mo dìde dúró níwájú gbogbo ìlú, mo kà á. Ó jókòó síwájú mi níbẹ̀."

Mo ní mo mọ̀.

"Máa lọ sílé, Orest. Má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kankan kó o tó jáde."

Ọjọ́ Àìkú, ogúnjọ́, ọjọ́ Àjíǹde

Mo sọ fún Marlys, ìyàwó mi, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó ń gé búrẹ́dì Àjíǹde tí ó fi ìlànà ìyá mi ṣe. Òun àti Lorna wà nínú ẹgbẹ́ kọ́líǹgì kan náà. Lorna ni ó tún ń tọ́jú yìnyín gbọ̀ngàn náà, iṣẹ́ tí ó rí lẹ́yìn tiwa. Marlys kò dáwọ́ gígé dúró títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

"Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbá yìnyín níwájú òkúta Lorna," ni ó wí. "Ó máa ń bi mí bóyá orí òun ṣì pé. 'Marlys, ṣé mo ti sọ eléyìí fún ẹ rí? Ṣé mo ti ti ilẹ̀kùn?' Mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni."

Ó di ìdajì búrẹ́dì náà sínú aṣọ funfun. Mo na ọwọ́ láti gbà á, nítorí mo rò pé èmi ni n óò mú un lọ.

"Rárá o. Èmi ni màá gbé búrẹ́dì lọ fún un. Ìwọ gbé ẹnu ẹ lọ."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlélógún

Ìgbà ìdíje ti parí, Lorna sì ti pa ẹ̀rọ tí ń mú gbọ̀ngàn náà tutù. Ó ń fi ṣọ́bìrì ha yìnyín tí ó ti rọ̀ kúrò lórí ilẹ̀, ó ń kó o sínú bárò. Irun rẹ̀ ti funfun tán. Mo dúró lórí pákó ẹ̀gbẹ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìdúró. Nígbà tí mo parí, ó béèrè ọjọ́ tí mo ṣe é. Mo ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kejì. Ó béèrè aago tí ó lù. Mo ní mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Ó fi ṣọ́bìrì ti ògiri.

"Mo ti wá ọjọ́ yẹn nínú orí mi títí," ni ó wí. "Mo rántí ohun tí mo jẹ lọ́jọ́ náà. Mo rántí súwẹ́tà tí mo wọ̀. Mi ò rí ìlà yẹn. Mo wá gbà pé àrùn ìgbàgbé tó ṣe màmá mi ti ń bọ̀ wá bá mi, pé bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Dókítà mẹ́ta ni mo lọ rí, Orest. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Mi ò gbà wọ́n gbọ́."

Mo ní mo gbọ́.

"Kì í ṣe pé wọ́n lé mi. Èmi ni mo lọ. Mi ò fọkàn tán ọwọ́ mi mọ́."

Mo ní kí ó forí jì mí. Mo ti ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ Ẹtì, mo sì gbọ́ bí ó ti kéré tó bí ó ti ń jáde lẹ́nu mi.

"Má bẹ̀ mí níbí," ni ó wí. "Kò sẹ́nì kankan níbí. Lọ síbi tí wọ́n ti sọ ọ́, kó o sọ ọ́ níbẹ̀."

Ó mú ṣọ́bìrì rẹ̀. Ó ní kí n gbé ẹsẹ̀ kúrò, omi ń bọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún ni ó jókòó láti gbọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà wọn kì í ju mẹ́ta lọ. Wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ìwé àṣẹ ajá. Ọ̀rọ̀ tèmi ni ó tẹ̀ lé e. Gbólóhùn mẹ́rin ni mo sọ. Mo ti kọ méje sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dìde mo rí i pé mẹ́ta nínú wọn ń ṣàlàyé mi.

Ọmọ ìgbìmọ̀ kan dábàá pé kí a tún àkọsílẹ̀ ìpàdé ọdún náà kọ. Olórí ìlú sọ pé òfin kò gbà kí a fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ àtijọ́. A lè fi kún un nìkan. Wọ́n dìbò pé kí a fi kún un. Gbogbo ọwọ́ lọ sókè. Glenda dìde, ó kà á síta fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, pé ohun tí a kọ nípa Lorna Desjarlais lọ́dún náà kò tọ́, pé kì í ṣe òun ni ó yọ òpópónà náà sílẹ̀, pé Orest Hnatiuk ni, pé ìlú sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Lorna wà ní ìlà tí ó kẹ́yìn, kò bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó jáde kí wọ́n tó dé orí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ń wọ́ yìnyín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lówùúrọ̀ yìí, wọ́n sì gbà á. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní àwọn kò ní gba iṣẹ́ tí mo ṣe àfi bí ẹlòmíràn bá tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò kí oṣù tó parí, kí onítọ̀hún sì fọwọ́ sí i. Marlys gbọ́ pé Glenda lọ bá Lorna, Lorna sì kọ̀. Glenda tún padà lọ. Lorna ní òun gbà fún ọjọ́ mẹ́rin, lórí àkáǹtì tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní bá a lò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Walt dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, kò wọlé. Ó ní bàbá mi ì bá ti gbá mi létí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní Lorna ti wá sí ilé omi lánàá, ó sì kan ilẹ̀kùn náà láìjẹ́ kí kọ̀ǹpútà dákú.

"Ẹ̀rọ yẹn mọ ọ̀gá ẹ̀," ni ó wí.

Ọjọ́rú, ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹrin

Koríko ti ń yọ lẹ́yìn ilé. Tẹlifóònù dún ní aago méjì ọ̀sán. Lorna ni. Kò kí mi. Ó ní òun rí ẹ̀rọ kan ní òpópónà kejì tí kò sí nínú ìwé mi. Ó ń dáhùn ẹnikẹ́ni tí ó bá kàn án, kò sì ní ọ̀rọ̀ ìwọlé. Mo ronú. Mo ní ó ní láti jẹ́ ẹ̀rọ àdàkọ ilé-ìkàwé, tí wọ́n gbé lọ sí yàrá abẹ́ ilé lọ́dún tó kọjá. Mo ti fojú fò ó.

"O fojú fò ó," ni ó wí. Kì í ṣe ìbéèrè.

Ó ní kí n dúró. Mo gbọ́ bí ó ti ń tẹ bọ́tìnnì. Láti ọdún mẹ́sàn-án ni n kò ti gbọ́ ọ. Ní ìgbà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, kíákíá ni ó máa ń tẹ̀ ẹ́, ó kàn máa ń dúró díẹ̀ kí ó tó tẹ èyí tí ó kẹ́yìn. Lónìí ó dúró pẹ́. Mo gbọ́ bí ó ti ń ka ohun tí ó kọ sí ara rẹ̀ létí, nọ́ńbà kan tẹ̀ lé èkejì, dé òpin. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ẹ́.

"Ó ti tì," ni ó wí, ó sì gbé tẹlifóònù sílẹ̀.

Glenda pè mí nígbà tí iṣẹ́ parí, láti sọ fún mi pé fọ́ọ̀mù náà ti lọ. Lorna fọwọ́ sí i ní aago mẹ́ta kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Ó kọ ọjọ́ àti aago sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fọ́ọ̀mù náà kò béèrè aago. Kí ó tó kọ ọ́, ó ní kí Glenda fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó wá dúró ti òun, kí ó máa wo ọwọ́ òun, kí ẹnìkan lè rántí.